Fáìlì tó fọ́n ká orí Desktop: ṣé ẹ́dítọ̀ ló jẹ̀bi?

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé lápá Lafẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bá àwọn oníṣòwò kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì kéékèèké, VS Code, ẹ́dítọ̀ tí a fi ń kọ kóòdù, ni mo sì ń lò. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí: ti àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbarà, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orí Desktop ni gbogbo fáìlì wọn wà. Mo ní index.html, index2.html, index-final.html àti index-final-gangan.html, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Mo kó ti àǹtí mi sórí fláàṣì láti lọ fi hàn án lórí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo ò jáde. Mo padà wálé, mo tún àdírẹ́ẹ̀sì àwọn àwòrán náà kọ, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan jáde, àwọn kan kọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń jáde lórí láptọ́ọ̀pù tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa VS Code tì, kí n lọ kọ́ Vim, ẹ́dítọ̀ míì, pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í lo VS Code. Ẹlòmíì ní kí n máa ṣí fódà tuntun lójoojúmọ́. Èwo ni kí n ṣe?"

Àbúrò, o ṣeun tó o ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní. Bí mo ṣe kà á, ìṣòro mẹ́ta ló wọnú ara wọn tó o fi ń rò pé ẹyọ kan ni. O ò mọ ibi tí nǹkan wà. O ò mọ èyí tó jẹ́ tuntun jù nínú ẹ̀dà mẹ́rin. Ojú ewé rẹ sì ń bàjẹ́ bó bá ti kúrò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ. Ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ọ̀nà àtúnṣe wọn náà yàtọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀: o ò tíì ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀, Desktop kan ló gba gbogbo wọn, o sì ń retí pé kí ẹ́dítọ̀ bá ọ yà wọ́n.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ́dítọ̀ kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń gbé ọ lọ́kàn jù, òun gan-an ni ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Vim ti wà láti 1991, Bram Moolenaar ló kọ ọ́. VS Code jẹ́ ti Microsoft, 2015 ló jáde. Tó bá kan fáìlì, iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n á ṣí i, wàá kọ nǹkan sí i, wọ́n á fi í pamọ́ síbi tó o bá ní kí wọ́n fi í sí. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú index.html nínú Vim àti nínú VS Code, ẹni tó bá gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ ò lè mọ èyí tó o fi kọ ọ́. Nítorí náà, bó o bá kó Desktop rẹ bó ṣe rí yìí wọnú Vim, Desktop náà lo máa bá níbẹ̀. Èmi ò bu ẹnu àtẹ́ lu Vim o. Kò wúwo, láptọ́ọ̀pù tó ti gbó gbé e dáadáa, bó o bá sì bá ara rẹ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé orí rẹ̀) tí kò ní nǹkan míì ju ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, inú rẹ á dùn pé o mọ̀ ọ́n lò. Kọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í lo VS Code, ẹnu lásán ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ni kì í lo nǹkan míì.

Ohun tí mo fura sí ni bó o ṣe ń wọlé sínú VS Code. Ó dà bíi pé o máa ń lọ sórí Desktop, wàá tẹ fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì, á sì ṣí. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣí Word. Ṣùgbọ́n ẹ́dítọ̀ yàtọ̀ sí Word. Bó o bá ṣí fáìlì kan ṣoṣo, ẹyọ fáìlì yẹn nìkan ni VS Code ń rí. Kò mọ̀ pé ó ní àwòrán tó ń bá a rìn, kò mọ̀ pé style.css kan wà, fáìlì tó ń ṣètò ìrísí ojú ewé, tó jẹ́ tirẹ̀. Lọ sí File, kí o mú Open Folder dípò Open File, kí o sì yan fódà iṣẹ́ náà. Nǹkan yóò yí padà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yẹn á tò sí apá òsì. Tẹ Ctrl àti P, kí o kọ lẹ́tà méjì mẹ́ta nínú orúkọ fáìlì, á bá ọ mú un jáde. Tẹ Ctrl, Shift àti F, á wá ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo fáìlì iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bí àǹtí rẹ bá yí nọ́ńbà fóònù padà, o ò ní máa ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ṣí Terminal, ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí, nínú rẹ̀, inú fódà yẹn náà ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àǹfààní yìí ló ti wà lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ tó o ti gbé VS Code sórí láptọ́ọ̀pù. Má wá torí ohun tí mo sọ yìí lọ ṣí Desktop fúnra rẹ̀ bíi fódà o. Bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wíwá nọ́ńbà àǹtí rẹ á máa gbé orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde.

Iṣẹ́ kan, fèrèsé kan. Bó o bá fẹ́ ṣe ti ilé-ìwé nígbà tí ti àdìrẹ ṣì wà ní ṣíṣí, tẹ Ctrl, Shift àti N kí fèrèsé tuntun jáde, kí o ṣí fódà ilé-ìwé nínú rẹ̀. Orúkọ fódà á wà lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tún máa ń fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ kí wọ́n má baà ṣi iṣẹ́ ṣe. Inú fódà kékeré kan tó ń jẹ́ .vscode, nínú fáìlì settings.json, ni wọ́n ti ń ṣètò ìyẹn, kò sì kan iṣẹ́ míì. VS Code lè kó fódà méjì tàbí mẹ́ta sínú fèrèsé kan náà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó yẹ ọ báyìí. Ẹni tí iṣẹ́ méjì rẹ̀ ń lo nǹkan kan náà pọ̀ ló wúlò fún, ti ìwọ ò sì lo nǹkan kan pọ̀ yàtọ̀ sí pé ọwọ́ kan náà ló ń kọ wọ́n.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí èèyàn. Wo orí táàbù fáìlì rẹ: bó o bá rí àmì róbótó kékeré níbi tó yẹ kí àmì × tí a fi ń pa á wà, o ò tíì fi iṣẹ́ yẹn pamọ́. VS Code máa ń rántí ohun tó o kọ tí o ò fi pamọ́, kódà bó o bá pa á tó o tún un ṣí. Ẹni tí wọ́n ń mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ á fẹ́ràn èyí gan-an. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ibi ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ló ń tọ́jú ìrántí yẹn sí, kì í ṣe inú fódà rẹ. Wàá kó fódà sórí fláàṣì, ohun tó o kọ lálẹ́ àná ò ní bá a lọ, wàá sì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà pẹ̀lú iṣẹ́ ìjẹta. Lọ sí File, kí o tẹ Auto Save kí àmì ✓ wà níwájú rẹ̀. Táàbù tó bá ṣì ń jẹ́ Untitled-1, Auto Save ò lè ràn án lọ́wọ́: fún un lórúkọ ní ìṣẹ́jú tó o bá ṣí i.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwòrán. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ àǹtí rẹ, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ohun tó o kọ sínú src, ibi tí a ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì àwòrán sí nínú ojú ewé, jọ C:/Users/, orúkọ rẹ, Desktop, kí orúkọ àwòrán tó wá kàn. Àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí láptọ́ọ̀pù rẹ nìyẹn. Kò sí orúkọ rẹ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, nítorí náà kò sí àwòrán níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ewé náà fúnra rẹ̀ wà: aworan/eleko-01.jpg, ìyẹn ni pé kó wo inú fódà aworan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bí ojú ewé bá wà nínú fódà kan tó fẹ́ jáde síta kó tó rí aworan, ../aworan/eleko-01.jpg ni, àmì tó-tó méjì yẹn ń sọ pé kó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830 kó orúkọ ìlú wọn dání wá: Kémta bá wọn wá, Ìtòkú bá wọn wá, Ìporò bá wọn wá, Ìjẹmọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó wà ní Ìtòkú lónìí tó ń lọ sí Kémta kì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti inú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́. Ibi tó dúró sí ló ti ń gbéra. Bí fódà iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kó o lọ síbikíbi, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì lè rí ara wọn. Bó o bá sì ti fi Open Folder wọlé, ìgbà tó o bá kọ src= tó o ṣí àmì àyọlò ni VS Code á ti máa tò orúkọ àwọn fáìlì tó wà nítòsí fún ọ. Yàn níbẹ̀, má fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Copy Path àti Copy Relative Path wà nínú rẹ̀ náà. Èkíní ló ń bí àwọn C:/Users yẹn, èkejì sì ń ka ọ̀nà láti orí fódà tó o ṣí, kì í ṣe láti ibi tí ojú ewé rẹ wà, nítorí náà ó lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Desktop tún ní wàhálà tirẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ Windows ìsinsìnyí. OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè ti gba Desktop rẹ wọlé láìjẹ́ pé o mọ̀, kó máa gbé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa jẹ dátà rẹ, kí 5 GB ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ sì kún fún àwòrán aṣọ. Ní ọjọ́ tó bá gbà á, àdírẹ́ẹ̀sì Desktop á yí padà, OneDrive á wọ àárín rẹ̀, gbogbo C:/Users tó o ti kọ tẹ́lẹ̀ á sì ṣàṣìṣe lórí láptọ́ọ̀pù tìrẹ gan-an. Mi ò sọ pé OneDrive ò dáa. Mo ní kí iṣẹ́ kúrò lórí Desktop ni.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn kan jáde tí àwọn kan kọ̀, òun lọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ jù, torí ó jọ pé o ti tún àdírẹ́ẹ̀sì ṣe dáadáa. Windows ò bìkítà nípa lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré nínú orúkọ fáìlì. Eleko.JPG àti eleko.jpg, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sáfà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé orí rẹ̀, Linux ni, Linux sì kà wọ́n sí fáìlì méjì tí kò bára wọn tan. Kámẹ́rà àtàwọn fóònù kan máa ń fi JPG onílẹ́tà ńlá parí orúkọ àwòrán. Ìwọ kọ jpg kékeré sínú ojú ewé. Láptọ́ọ̀pù rẹ gbójú fò ó. Sáfà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jáde ni àwọn tí orúkọ wọn bára mu tán. Windows tún máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, kó o máa rò pé eleko.jpg lo ní nígbà tó jẹ́ eleko.jpg.jpg ló wà níbẹ̀; lọ sí View nínú File Explorer kó o ní kó máa fi ìparí orúkọ hàn. Àlàfo nínú orúkọ náà ò dáa: "adire tuntun.jpg" á di adire%20tuntun.jpg lójú ọ̀nà, ó sì lè dé ibi tó ń lọ tàbí kó má dé e. Lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àti ìlà kékeré tó so ọ̀rọ̀ pọ̀, ìwọ̀nyí tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí àmì ohùn, torí àwa la ni ín. Mo mọ̀ pé ó wù ọ́ láti pe àwòrán ní Àdìrẹ-Ẹlẹ́kọ.jpg kó pé kó yẹ. Má ṣe é. Lẹ́tà bíi ẹ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní tòkè, kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n. A lè fi ẹ olámì-ìsàlẹ̀ ṣáájú ká fi àmì òkè kún un, a sì lè fi é olámì-òkè ṣáájú ká fi tìsàlẹ̀ kún un. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan náà ni. Lójú sáfà, orúkọ méjì ni. Bí kíbọọ̀dù fóònù rẹ bá kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ti láptọ́ọ̀pù kọ ọ́ lọ́nà kejì, wàá wo orúkọ méjèèjì títí ojú rẹ á fi pọ́n, o ò ní rí ìyàtọ̀. Orúkọ fáìlì nìkan ni mo ń sọ o! Inú ojú ewé gan-an, kọ Yorùbá rẹ kó pé: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, oníko, alábẹ́rẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Ṣáà rí i pé meta charset="utf-8" wà lókè ojú ewé. Ó ń dùn mí bí mo bá rí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá torí pé àwòrán kan kọ̀ láti jáde.

Báwo wá ni kí fódà náà ṣe rí? Ṣí ọ̀kan tó ń jẹ́ ise sí tààrà inú C:, tàbí sínú fódà orúkọ rẹ, níbi tí OneDrive ò dé. Nínú rẹ̀, fódà kan fún oníbàárà kan: adire-itoku, jeleosinmi-ibara, soosi. Nínú adire-itoku, fódà méjì péré ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ní. Ọ̀kan ń jẹ́ saiti: ohun tó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń wà níbẹ̀, index.html lókè pátápátá torí òun ni sáfà sábà máa ń kọ́kọ́ wá, style.css lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti fódà aworan. Èkejì ń jẹ́ lati-owo-onibara: fọ́tò tí àǹtí fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bó ṣe wá, iye owó aṣọ, lógò, ohun gbogbo tó fún ọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. Fọ́tò tí o ò tíì gé, tí o ò tíì dín kù, kò gbọdọ̀ wà níbi tí àṣìṣe ti lè gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ èyí tó o bá ti gé, tó o sì ti sọ orúkọ rẹ̀ di eleko-01.jpg, kò gbọdọ̀ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Fi fáìlì kan tó ń jẹ́ README.txt sí i, kó o kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀: ta ló ni iṣẹ́, ibo ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló kù. Má kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé síbẹ̀.

Má ṣí fódà tí o ò tíì ní ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe ń to iṣẹ́, wọ́n á wá ṣí assets, inú assets á ní images, inú images á ní products, inú products á ní new, fọ́tò mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì olójú ewé mẹ́rin ò nílò àjà mẹ́rin. Windows gan-an máa ń fi gbogbo ọ̀nà dé orí fáìlì mọ sí nǹkan bí lẹ́tà 260 àyàfi tí èèyàn bá yí ètò yẹn padà. Ọjọ́ tí aworan bá ní fọ́tò tó pọ̀ tó o fi ń yí i lọ sísàlẹ̀ kó o tó rí nǹkan, ọjọ́ yẹn ni kó o pín in sí eleko, oniko àti alabere, láìsí àmì.

Ẹni tó ní kó o máa ṣí fódà tuntun lójoojúmọ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù yé mi: ó fẹ́ kó o lè padà sí àná bí tòní bá bàjẹ́. Ìyẹn dára. Àmọ́ bí o bá ṣe é fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀, wàá ní index.html púpọ̀ ní fódà púpọ̀, àtúnṣe tó o ṣe lọ́jọ́ Ajé ò ní sí nínú èyí tó o ṣí lọ́jọ́rú bó o bá ṣèèṣì ṣẹ̀dà ti Àìkú. Ìdàrúdàpọ̀ Desktop náà ni, ọjọ́ lo kàn kọ lé e lórí. Ibi tí ọjọ́ ti wúlò ni fún ohun tó ń dé: fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí, rìsíìtì, ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́. Kọ ọdún ṣáájú, oṣù, kí ọjọ́ tó kàn, bíi 2025-03-07, wọ́n á sì máa tò ara wọn bó ṣe yẹ.

Fún pípadà sí àná, ohun tí wọ́n ṣe fún un ni Git. Linus Torvalds ló dá a sílẹ̀ ní 2005 nítorí iṣẹ́ Linux. Bó o bá ṣe git init nínú adire-itoku, fódà kan tó fara pamọ́, .git, á jókòó síbẹ̀. Nígbàkúgbà tí iṣẹ́ bá dé ibi tó dáa, wàá ní kó ya ìrántí rẹ̀, wàá sì kọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: "mo ti fi iye owó oníko sí i." index.html kan ṣoṣo ló máa wà nílẹ̀ títí láé, gbogbo àtijọ́ rẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́, Git máa ń kọ́kọ́ da èèyàn lórí rú. Àṣẹ mẹ́rin, init, add, commit àti log, ló tó ọ fún oṣù díẹ̀, VS Code sì ní bọ́tìnì fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kìlọ̀kìlọ̀ méjì: Git tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ nìkan ò lè gbà ọ́ bí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù náà, àfi bó o bá ń tì í lọ sí GitHub, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ Git lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ibòmíì, bó o bá sì yí lẹ́tà ńlá orúkọ fáìlì sí kékeré lórí Windows, Git lè má fura, nítorí náà git mv ni kó o fi ṣe é. Bí o ò bá tíì ṣe tán fún Git, fún gbogbo fódà náà pọ̀ di zip kan kó o tó bẹ̀rẹ̀ àyípadà ńlá, kọ ọjọ́ sí i lórí, kó o gbé e kúrò lórí láptọ́ọ̀pù. Kò lẹ́wà, ó ń ṣiṣẹ́. Timeline tó wà nísàlẹ̀ apá òsì VS Code náà máa ń rántí ìgbà tó o fi fáìlì pamọ́, láti 2022 ló ti wà níbẹ̀, àmọ́ orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ló mọ.

Fún ti Desktop tó wà nílẹ̀ báyìí, má pa nǹkan kan rẹ́ lónìí. Kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan tó ń jẹ́ atijo, kó o sì máa ṣẹ̀dà láti inú rẹ̀, kì í ṣe kó o gbé e jáde. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan, parí rẹ̀ kó o tó kan èkejì. Fún index mẹ́rin yẹn, ṣí atijo nínú VS Code, fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kan, mú Select for Compare, tẹ èkejì bákan náà, mú Compare with Selected. Á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á sì kun ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Má gbára lé ọjọ́ tó wà lára fáìlì nìkan, torí ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó o kàn ṣí i tó o fi í pamọ́ láìyí nǹkan kan padà nìyẹn. Nígbà tó o bá rò pé o ti ṣe tán, ṣẹ̀dà fódà saiti sórí fláàṣì, yí orúkọ adire-itoku padà fún ìgbà díẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, kó o wá ṣí index.html láti orí fláàṣì. Àwòrán tí kò bá jáde, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣì ń wo ilé àtijọ́. Yíyí orúkọ yẹn ṣe pàtàkì, torí láìṣe é, láptọ́ọ̀pù tìrẹ á máa bá ọ bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Ohun tí mi ò lè ṣe láti ibi tí mo wà ni kí n sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú index mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó o bá sì ti kọ tuntun lé àtijọ́ lórí nínú ọ̀kan tí Timeline ò rántí rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, mi ò ní oògùn rẹ̀. Mi ò tíì rí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá lẹ́tà kékeré tí mo sọ jẹ́ ohun tí mo fura sí jù, kò tíì dájú. Ọ̀nà tó o fi máa mọ̀ nìyí: ṣí i nínú Chrome, tẹ F12, lọ sí Network, kó o tún ojú ewé náà pè. Àwòrán tó bá gbé 404 wá, sáfà ń sọ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Fi orúkọ tó wà níbẹ̀ wé èyí tó wà lórí sáfà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí orúkọ náà ò bá sí lórí sáfà rárá, ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já nígbà tó ò ń gbé e lọ. Gbé ẹyọ yẹn lọ padà. Bó bá jẹ́ 403 ló gbé wá, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó o san owó sáfà fún ni kó o gbà lọ, pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ.